Aṣọ dúdú tí kì í ṣe dúdú

Oníbàárà mi kan ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú mi ti ń bàjẹ́. Èmi tí mo ni ojú kò mọ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni. Ó wá ra yáàdì mẹ́wàá aṣọ dúdú lọ́wọ́ mi ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, torí ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n fún un, mo ká a, ó sanwó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà dé, ó tú aṣọ náà sórí tábìlì níta, nínú oòrùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi wò ó. Búlúù mà ni aṣọ yìí."

Mo wò ó, dúdú ni mo rí. Mo fa dúdú mìíràn yọ, mo gbé e tì í, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì lójú mi. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rọra fọwọ́ kàn mí lápá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí oníbàárà má baà gbọ́: "Mọ́mì, búlúù ni lóòótọ́. Búlúù tó ṣú ni."

Mo pààrọ̀ rẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi yáàdì kan ṣe èènì. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú aṣọ ni wọ́n bí mi sí. Òṣómàáló ni bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá ń ka èyí mọ ohun tí mo ń wí: àwọn tó ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á padà wá nígbà tí àdéhùn bá pé, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè pé òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Láti kékeré ni mo ti ń dá dúdú mọ̀ yàtọ̀ sí búlúù tó ṣú, kódà nínú yàrá tí kò síná. Bí mi ò bá wá mọ̀ ọ́n mọ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo dùbúlẹ̀, mo ń ro ẹ̀yìn wò. Ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn èèyàn sí ni mo kọ́kọ́ rántí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìlà inú ìwé náà ti ń wọ́ bí ejò lójú mi, pàápàá jù lọ ibi tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an. Mo rò pé omi ló kan ìwé. Bí mo bá kọ 8,000, òdo kan á pòórá. Bí mo bá ṣí ojú kúrò díẹ̀, á padà wá. Mo ti sọ pé iná ṣọ́ọ̀bù ni kò mọ́lẹ̀ tó, mo ti sọ pé àgbà ló dé, torí mo ti pé ọmọ ọdún 54.

Ní àárọ̀, mo ń bọ́jú, ọṣẹ kó sí mi lójú ọ̀tún, mo dì í pinpin. Mo fi ojú òsì wo aago ara ògiri. Mo rí ògiri, mo rí etí aago yípo, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀, ibi tí ọwọ́ aago wà, ṣe bàìbàì bí ẹni pé èèyàn fi àtàǹpàkò tó lẹ́pọ tẹ̀ ẹ́. Mo ṣan ọṣẹ kúrò, mo fọwọ́ bo òsì, mo fi ọ̀tún wò ó. Aago yọ kedere: aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ojú kan ti ń bo àṣírí èkejì, mi ò sì mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń bẹ gbogbo oníṣúgà tí mo bá pàdé pé kó ṣe nìyí: bo ojú kan, ka ìwé, bo èkejì, ka ìwé. Kò lè rọ́pò àyẹ̀wò dókítà rárá, ṣùgbọ́n ó lè lé ọ jáde nílé lọ bá dókítà.

Mo ti mọ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún 2012. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, mo ń rù. Wọ́n wọn ṣúgà mi láàárọ̀ kí n tó jẹun, ó jẹ́ 310, nígbà tó jẹ́ pé tẹni tára rẹ̀ le kì í tó 100, bó bá sì ti ń jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ojú mi ṣe bàìbàì nígbà yẹn náà, mo sáré lọ ṣe awò. Kò tíì pé oṣù kan tí mo ń lo oògùn tí awò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lójú. Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ pé lẹ́ńsì tí Ọlọ́run dá sínú ojú máa ń wú nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, tí ṣúgà bá sì rọlẹ̀, á padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá lọ ṣe awò kí ṣúgà tó fara rọ, owó rẹ̀ ló sọ nù. Mo ṣe awò mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Ẹni tó tà wọ́n fún mi kò bi mí rí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà.

Níbi tí mo ti ń gba oògùn, wọ́n ń wọn ṣúgà, wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sí káàdì. Fún ọdún méje gbáko, kò sí ẹnì kan tó ní kí n lọ yẹ ẹ̀yìn ojú mi wò. Ó ń dùn mí títí dòní. Irú ìtọ̀ ṣúgà tèmi yìí, tó máa ń bá èèyàn lágbà, ó lè ti wà lára fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó rí i, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n yẹ ojú wò ní kété tí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé o ní in, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Èyí tó ń bá ọmọdé ni wọ́n lè fún ní ọdún márùn-ún kí àyẹ̀wò ojú tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ti ní in tẹ́lẹ̀ tó wá lóyún, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún ni kó ti lọ, torí oyún máa ń mú kí ìbàjẹ́ ojú yára. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lónìí. Mi ò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀ nígbà náà.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Bí ara mi bá ti yá, mo máa ń dá oògùn dúró, ó lè tó oṣù kan. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, mo sì ń jẹ iyán bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Níbi òde, mọ́ọ̀tì méjì, mẹ́ta. Ojú mi ń ríran, ara mi ò dùn mí, kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, òun ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà náà kò jìn, a gba Òṣú kọjá, a sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Ojú ọ̀tún gbìyànjú. Ojú òsì, mo ka lẹ́tà ńlá òkè, mo ka ìlà kejì, mo dákẹ́. Wọ́n wá kán oògùn kan sí mi lójú tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀. Ó ta mí díẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbogbo ayé ti tàn yòò, mi ò lè ka nǹkan kan lórí fóònù mi. Ẹni tó bá ń lọ, kó má wakọ̀ fúnra rẹ̀, kó sì mú ẹni tí yóò mú un padà sílé, torí oògùn náà ń pẹ́ lójú fún wákàtí mélòó kan.

Dókítà ojú náà kéré lọ́jọ́ orí, ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó fi iná wò mí lójú títí, ó ya àwòrán, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Mo rí ẹ̀yìn ojú ara mi. Ó pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì nà káàkiri rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Lórí rẹ̀, àwọn àmì pupa tíntìn-tín-tín wà bí ìgbà tí epo bá ta sára aṣọ, àwọn kókó kan sì wà tí wọ́n rí bí òróró tó dì.

Ó ní, "Màmá, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ inú ẹ̀yìn ẹyinjú nìyí. Orí rẹ̀ ni ohun tí ẹ bá ń wò ti ń balẹ̀, òun ló ń ránṣẹ́ rẹ̀ sí ọpọlọ." Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa jẹ ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ awọ náà. Ibì kan á wú bíi bàlúùnù kékeré, ibì kan á máa jò, ibì kan á dí. Bí omi àti ọ̀rá tó ń jò bá dé àárín gbùngbùn awọ, níbi tí a fi ń kàwé tí a sì fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, àárín náà á wú. Òun ló ń wọ́ ìlà ìwé mi, òun ló ń gbé òdo mi pamọ́. Àwọ̀ náà, ojú tí ṣúgà ti bàjẹ́ kì í dá a mọ̀ dáadáa mọ́, pàápàá búlúù. Níbi tí iṣan ti dí, awọ kò ní rí afẹ́fẹ́ tó tó lò. Á wá tú ohun kan jáde tó ń sọ fún ara pé kó hu iṣan tuntun. Iṣan tuntun á hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni, kì í sì í hù síbi tó yẹ. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú ojú. Bó bá pẹ́, àpá á lẹ̀ mọ́ ọn, àpá náà á máa fa awọ títí awọ yóò fi ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́.

Mo bi í pé, "Báwo ni kò ṣe dùn mí?"

Ó ní, "Awọ yẹn kì í mọ ìrora, Màmá. Kò ní ohun tó fi lè mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ ni bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn. Òṣómàáló kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá gbé aṣọ fún un. Ẹ̀rín ni, àwàdà ni, "ẹ lọ máa lò ó, ẹ̀yin gan-an." Ẹni tó gbàwìn á ránṣọ, á wọ̀ ọ́ lọ sóde, á gbàgbé pé òun jẹ gbèsè. Ọdún méje ni ṣúgà fi gbé aṣọ fún mi láwìn, mo ń wọ̀ ọ́ lọ sóde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ó padà dé, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

Ojú méjèèjì ló ti mú. Òsì burú ju ọ̀tún lọ: àárín rẹ̀ ti wú, iṣan tuntun sì ti ń yọ létí rẹ̀. Kataráàtì tó ń mú lẹ́ńsì ojú funfun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń tètè bá oníṣúgà ju àwọn yòókù lọ. Dókítà ní òun á gún mi lábẹ́rẹ́ nínú ojú lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà òun á lo iná léésà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà: pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ti lọ ló ń padà, iṣẹ́ òun ni láti dí ọ̀nà kí èyí tó kù má baà lọ.

Mo fẹ́ sọ bí abẹ́rẹ́ náà ṣe rí, torí mo mọ àwọn tó gbọ́ "abẹ́rẹ́ nínú ojú" tí wọ́n sá lọ sílé tí wọn ò padà mọ́. Èmi náà gbọ̀n. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀. Wọ́n kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n fi oògùn olómi kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń pa kòkòrò, fọ ojú àti ìpéǹpéjú mi. Nínú gbogbo rẹ̀, òun ló ta mí jù. Wọ́n fi aṣọ bò mí lójú, ihò wà níbi ẹyinjú, wọ́n wá fi wáyà kékeré kan há ìpéǹpéjú kí n má lè ṣẹ́jú. Dókítà ní, "Ẹ wo òkè, Màmá." Mo wo òkè. Ó dà bí ẹni fi ìka tẹ ẹyinjú mi. Ó tán. Ara funfun ojú ni wọ́n ti ń gún un, ní nǹkan bíi mìlímítà 4 sí etí dúdú, abẹ́rẹ́ náà sì tín-ínrín gan-an. Kí n tó ka ẹẹ́wàá ó ti yọ ọ́. Mo rí àwọn nǹkan roboto dúdú tó ń léfòó lójú mi bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́; ó ní afẹ́fẹ́ ni, á lọ láìpẹ́, ó sì lọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí ojú náà bá ń dùn mí sí i, tó ń pọ́n sí i, tí ìríran sì ń dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, kí n má dúró de ọjọ́ àdéhùn, kí n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kòkòrò lè ti wọlé. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi.

Bevacizumab ni wọ́n fún mi, Avastin lorúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìyẹn. Nítorí pé ó ń dí ohun tó ń hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́wọ́, àwọn dókítà ojú mú un wá sínú ojú, ó sì ṣiṣẹ́. Oògùn méjì mìíràn wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú, ranibizumab àti aflibercept, wọ́n wọ́n jù ú lọ fíìfíì. Owó Avastin gan-an kò rọrùn fún mi, mo ta góòlù etí mi kan lórí rẹ̀, mi ò kábàámọ̀.

Lẹ́yìn ìkẹta, ìlà ìwé mi tọ́. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mo bo ojú ọ̀tún, mo fi òsì ka orúkọ àwọn tó jẹ mí ní gbèsè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Mo sunkún níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ rò pé gbèsè ló pa mí lẹ́kún.

Níbẹ̀ náà ni mo ti ṣìnà. Mo gba abẹ́rẹ́ kẹrin ní oṣù kẹwàá. Dókítà ní ó kan léésà báyìí. Obìnrin kan lọ́jà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ mí létí, ní kí n má dán an wò, pé wọ́n fi léésà sun ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, ojú sì fọ́. Oṣù kọkànlá dé, Kérésìmesì ń bọ̀, Ìwúdè, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, ń bọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ti sanwó àsansílẹ̀ fún aṣọ ẹgbẹ́. Mo ń ríran. Mo ní kí n tajà tán ná. Mi ò lọ ní oṣù kọkànlá, mi ò lọ ní oṣù kejìlá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kìíní ọdún 2020, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí okùn dúdú kan tó já wálẹ̀ lójú òsì mi. Mo fọwọ́ gbọ́n ọn dànù lójú, mo rò pé òwú gèlè ni. Ó ń gbọ́n kiri bí mo ṣe ń yíjú. Òmíràn tún já. Kí orin tó parí, ó ti dà bí ìgbà tí èèyàn da yíǹkì sínú omi, ó ń ràn, ó ń ràn, títí gbogbo ojú náà fi di èéfín. Kò dùn mí rárá. Ọmọ mi tó jókòó tì mí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Iṣan tuntun ti bẹ́. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní ká kọ́kọ́ gba ojú ọ̀tún là, torí iṣan tuntun ti ń yọ níbẹ̀ náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin ọjà fún un. Ó ní òun mọ irú rẹ̀ dáadáa: èèyàn á dúró títí ojú yóò fi kún fún ẹ̀jẹ̀ àti àpá, á wá gbé e wá, wọ́n á lo léésà, ojú tó ti ń lọ á sì lọ, ilé-dé-ilé á wá máa sọ pé léésà ló fọ́ ọ. Ó ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan àná. Dókítà ará Jámánì kan, Gerd Meyer-Schwickerath, ló rí ẹni tó wo oòrùn lásìkò tí òṣùpá bò ó ní ọdún 1945, tí oòrùn sì jó àmì sí awọ ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ó wá ronú pé bí ìmọ́lẹ̀ bá lè jó ibi tí kò yẹ, a lè darí rẹ̀ kó jó ibi tó yẹ. Oòrùn gan-an ló kọ́kọ́ lò. Mo rántí March 29, 2006, nígbà tí òṣùpá dí oòrùn lójú wa níhìn-ín, tí wọ́n ń kìlọ̀ lórí rédíò pé kí ẹnikẹ́ni má tẹjú mọ́ ọn.

Fún léésà, ìjókòó ni. Wọ́n kán oògùn, mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, dókítà gbé gíláàsì kékeré kan lé ẹyinjú mi. Iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà, tá, tá, tá. Àwọn kan kì í dun èèyàn rárá, àwọn kan ń ta mí lẹ́yìn ojú bí ìgbà tí ehín bá kan omi tútù. Ó lé ní 1,000 àmì fún ojú kan, ó pín in sí ìjókòó mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló dé tó ń jó awọ tó yẹ kó wò sàn. Ó bi mí bóyá a ní oko kókó nílé wa. Mo ní bàbá bàbá mi ní. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé àgbẹ̀ máa ń gé ẹ̀ka kan kúrò kí oúnjẹ lè tó àwọn tó kù. Etí awọ ni mò ń jó, ibi tí ebi afẹ́fẹ́ ń pa. Bí kò bá ké mọ́, iṣan tuntun á rọ, àárín tí ẹ fi ń ríran á sì kù fún yín." Ó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi náà á san nǹkan lórí rẹ̀, mo sì ń san án: mi ò ríran lálẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí mi máa ń já mi láyà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún mi wà. Òun ni mo fi ń kọ èyí.

Ojú òsì, ẹ̀jẹ̀ kò gbẹ. Iṣẹ́ abẹ ló kù, níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi dídì inú ojú jáde, tí wọ́n ń gé àpá, tí wọ́n sì ń lo léésà látinú. Ìbàdàn ni wọ́n kọ mí sí, oṣù kẹrin. Ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n ti ìlú pa nítorí kòrónà. Oṣù kẹjọ ni mo tó dórí tábìlì. Àpá ti fa awọ. Wọ́n tẹ́ ẹ padà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò pọ̀: mo lè ka ìka ọwọ́ bí o bá nà án síwájú mi, mo lè rí ẹni tó ń kọjá, mi ò lè mọ ẹni tí í ṣe. Oṣù méjì tí mo fi ta aṣọ Ìwúdè ni mo máa ń rò jù, ju oṣù kòrónà lọ, torí ọwọ́ mi ni oṣù méjì yẹn wà.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n gbé wá fún mi nígbà yẹn, omi ewé, oyin, kódà ìtọ̀ ọmọ ìkókó, pé kí n kán an sójú. Inú ẹ̀yìn ojú ni àìsàn yìí wà, ohun tí a kán síwájú kò lè dé ibẹ̀. Ó lè mú egbò jáde níwájú, kó jẹ́ pé ìṣòro méjì lèèyàn á máa tọ́jú. Ewúro jẹ́ ẹ̀fọ́, mo ń jẹ ẹ́, mi ò fi rọ́pò oògùn.

Mo ń ṣe àyẹ̀wò A1C báyìí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, tí èèyàn kò lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan tàn jẹ. Dókítà fẹ́ kó wà nítòsí 7. Wọn kò jẹ́ kí n fà á wálẹ̀ lójijì, torí bí ṣúgà tó ti ga tipẹ́ bá ṣàdédé já wálẹ̀, ojú lè kọ́kọ́ burú sí i fúngbà díẹ̀. Ìfúnpá náà ni mo ń ṣọ́. Ọmọ mi sọ fún mi nípa ìwádìí UKPDS tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998: àwọn oníṣúgà tí wọ́n ká ìfúnpá wọn lọ́wọ́ kò dáadáa, ewu kí ìbàjẹ́ ẹ̀yìn ojú wọn lọ síwájú fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan dín kù. Iyán, mo ṣì ń jẹ ẹ́. Ó ti kéré, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ lórí àwo. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi òwú funfun so etí gbogbo aṣọ dúdú.

Àbúrò mi obìnrin náà ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún mẹ́rin báyìí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ẹyẹ. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́, ó ń dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń ríran, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?" Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sílé rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní mi ò ní dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó wọlé lọ wọṣọ.

Wọ́n rí àwọn àmì pupa kékeré mélòó kan lójú rẹ̀ méjèèjì. Wọn kò tíì kan àárín. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí léésà. Kó ká ṣúgà lọ́wọ́ kò, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n kọ ọjọ́ náà sí káàdì rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, oògùn ṣì wà lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń pa á lójú, ó fa gèlè bo iwájú orí. Nígbà tí a dé Òṣú, ó bi mí pé ṣé àwọn àmì yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ ní. Mo ní bóyá, pé kò sẹ́ni tó wò ó fún mi nígbà náà. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó na káàdì náà sí mi, ó ní kí n bá òun ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, òun kò tíì lè ríran kà á. Mo gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún mi, mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.